Ẹlẹ́wù àti Eléwu

Nítorí káfíńtà ni mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá wa jẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbà pé káfíńtà ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Òun kọ́. Mo mọ bó ṣe jẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo sì fi pa ẹnu mọ́.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ibi tí kò bá gún, ẹ bá mi mójú kúrò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, kí ẹ tó gbọ́ bó ṣe lọ.

Iṣẹ́ àga ló ń ṣe. Àga tí aṣọ rẹ̀ ti gbó, tí fóòmù inú rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e wá. Á tú u palẹ̀, á gé fóòmù tuntun sí i, á wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi jù mí lọ. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló sìn mí dé ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun náà ló sọ fún ìyá wa, nígbà tí mo ní ilé ìwé ti sú mi, pé kó má bá mi jà, kó jẹ́ kí n wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni mo wà títí di òní. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù wa. Òkè rẹ̀ ni yàrá gbọọrọ kan wà tó ní fèrèsé mẹ́ta. Àgékù fóòmù ni ẹ̀gbọ́n mi tò sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi tàpólì aláwọ̀ ewé bò ó, a jọ fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an. Apá tí mo rán wọ́ díẹ̀. Tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún, a máa gòkè. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ wa ní ìjà tí wọ́n ń pè ní jùjítsù, àwa bíi méjìlá. Òórùn gọ́ọ̀mù kì í tán lára yàrá yẹn. Òórùn òógùn náà kì í tán.

Kí-lorúkọ-ẹ̀ ni a ń pè é. Ìdí ni pé tó bá ti mú ọ, tí o ti fọwọ́ lu ilẹ̀ pé o gbà, kò ní tú ọ sílẹ̀ kíá. Á dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó má dùn ọ́, á wá béèrè pé, "Kí lorúkọ ẹ̀?" Ìwọ á ní, "Ẹ dákun, bọ̀ọ̀dá." Á ní, "Ìyẹn kọ́ lorúkọ ẹ̀." Ìgbà tí o bá pe orúkọ ọ̀nà tó gbà mú ọ dáadáa ni wàá tó dìde.

Ìyá wa ní tirẹ̀ ń pe jùjítsù ní ìjà orí fóòmù. Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú sí ìyẹn. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá wa nìkan lòun ti lè gba àṣìpè.

Ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò lọ́dà gòkè wá. Ọ̀dà pupa wà ní etí rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá. Mo wá kọ́ kàráté."

"O ṣìlé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àwọn kàráté ń gbá èèyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n ń ta á nípàá. Àwa kì í gbá èèyàn."

"Ṣebí mo rí yín lójú fèrèsé tẹ́ ẹ gbé ẹnì kan lulẹ̀."

"Mo gbé e. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Júdò?"

"Ó sún mọ́ ọn. Jókòó."

Gbogbo wa jókòó, nítorí a mọ̀ pé kò ní tètè parí. Ó ní ti Jàpáànù àtijọ́ ni bàbá gbogbo wọn. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn jù: ẹnì kan á di ọ́ lọ́wọ́ mú, wàá yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wàá gbé e ṣubú. Méjì-méjì ni wọ́n ń kọ́ ọ, ìwọ ṣe báyìí, èmi náà á ṣe báyìí, bí ẹni ń jó. Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ òun níyẹn nígbà tí òun wà lọ́mọ ogún ọdún. Ó ní júdò jáde látinú rẹ̀. Jíju èèyàn ni júdò fẹ́ràn, tí ẹ̀yìn onítọ̀hún bá ti lulẹ̀ gbàà, ó parí. Ti Bràsíìlì ló wá ní rárá o, ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣubú gan-an ni ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò tíì pàdánù níbẹ̀. Ó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì ká ẹni òkè mọ́ra, kó sì ti ìsàlẹ̀ fún un lọ́rùn.

"Ti Bràsíìlì yẹn náà tún pín," ló wí. "Àwọn kan ń wọ ẹ̀wù nípọnnípọn pẹ̀lú ìgbànú. Wọ́n lè fa ẹ̀wù ara wọn, kọ́là ọrùn rẹ gan-an ni wọ́n á fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Àwọn kejì ò wọ ẹ̀wù. Ṣòkòtò péńpé àti ṣẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ ara. Òógùn ń yọ̀, kò sí nǹkan tí ọwọ́ máa dì mú, ọrùn àti apá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lé kiri. Ti Rọ́ṣíà tún wà, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù lókè, ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀. Àwọn yẹn á dá ẹsẹ̀ èèyàn, àmọ́ wọn kì í fún ọrùn nínú ìdíje."

Ọlọ́dà wò ó títí. "Ọ̀gá, ìjà mélòó ló wà nínú ìjà kan ṣoṣo?"

"Bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí. Ìwọ àti àbúrò rẹ jọra, àbí? Tí wọ́n bá pe àbúrò rẹ, ṣé ìwọ lo máa dáhùn?"

"Tó bá jẹ́ oúnjẹ ni, màá dáhùn."

Ẹ̀rín pa wá. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á wọlé.

Ẹ̀wù ni ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀. Ìdí wà. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi àti ẹ̀ gbé àga elẹ́ni-mẹ́ta gun àtẹ̀gùn ilé kan. Òun ló wà nísàlẹ̀. Ó yẹsẹ̀, àga náà bá a sọ̀kalẹ̀, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Ó san, àmọ́ dókítà ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́ ọ mọ́. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti wá ṣe pàtàkì fún un. Nínú ìdíje àwọn tó ń wọ ẹ̀wù, ó léèwọ̀ kí o di gìgísẹ̀ èèyàn mú kí o sì lọ́ ọ. Nínú ti àwọn tí kò wọ̀ ọ́, tí èèyàn bá ti dàgbà nínú iṣẹ́ náà, kò léèwọ̀. Orúnkún ni gìgísẹ̀ lílọ́ sì ń bàjẹ́, kì í ṣe gìgísẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ wa ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́wù nìkan lòun fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Aránṣọ ló mú ọ̀rọ̀ náà wá, ẹlẹ́wù. Ó wà lára wa, òun ló sì ń rán ẹ̀wù náà fún wa. Á ní, "Àwa ẹlẹ́wù, ẹ bọ́ síbí." Ọjọ́ kan mo dá a lóhùn.

"Tí ẹ̀yin bá jẹ́ ẹlẹ́wù, àwọn tó ń lọ́ gìgísẹ̀ ni eléwu."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́dà yí gbirigbiri lórí fóòmù. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ wọn nìyẹn: ẹlẹ́wù, eléwu. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ pè é ní aláìlẹ́wù. Èyí tẹ́ ẹ ń pè yẹn jọ èkejì jù." A ò gbọ́. Nígbà tó pẹ́, òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ìdíje ńlá kan máa wáyé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Ọjọ́ Wẹ́sídeè ni wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù mi, wọ́n ní ká dá a padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ gbé fóòmù. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: Boda, ewo ni ki n mu fun yin. Ó fèsì: Ko mi si elewu.

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kò sí àmì, kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà e. Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Mo kà á, mo rí eléwu. Ojú mi ò tilẹ̀ rí èkejì rárá. Inú mi dùn. Mo ní ẹsẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi ti le nìyẹn, wọ́n fẹ́ padà síbẹ̀.

Mo lè pè é. Ìṣó kéékèèké mẹ́fà ló wà lẹ́nu mi lásìkò náà, bí a ṣe máa ń ṣe tí a bá ń kan aṣọ mọ́ igi àga. Kí n tu wọ́n sọ́wọ́, kí n pè é, kí n béèrè. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mi ò tu wọ́n. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n kọ "láìsí ẹ̀wù" sí, mo dá fọ́ọ̀mù padà, mo padà sídìí àga mi.

Lọ́jọ́ Sátidé a débẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ẹ̀wù funfun tí aránṣọ rán fún un ló wọ̀, ó ti fi ìgbànú dì í. Obìnrin akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì fi ọwọ́ tọ ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Sà, ẹ ò sí lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọ ẹ̀wù o. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò wọ̀ ọ́ lẹ wà."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Kí lo kọ?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní kí n kọ náà ni. Eléwu."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nímú. "Ẹlẹ́wù ni mo kọ."

"Kò hàn níbẹ̀, bọ̀ọ̀dá."

Aránṣọ dúró tì wá. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ akọ̀wé. Akọ̀wé ní wọ́n ti pín àwọn ẹlẹ́wù ní méjì-méjì, kò sí ẹni tó ṣẹ́ kù tí wọ́n lè fi kò ó. Ó ní tí kò bá fẹ́ jà, kò burú, òun á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa, kó pa á rẹ́.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ní, "Háà, bọ̀ọ̀dá, gbogbo wa tí a wá wò yín ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tí ẹ lè kọ́ wa, ẹ ò wá lè ṣe é?"

Ó wo orúnkún rẹ̀. Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgbànú.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ló wí.

Káfíńtà ni wọ́n fi kò ó. Ẹni wa ni káfíńtà. Òun ló ń kan igi àga tí àwa ń wọ̀ láṣọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ibòmíràn ló ti ń kọ́ṣẹ́ ìjà, lọ́dọ̀ àwọn aláìlẹ́wù. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n mi, ó la ẹnu.

"Ọ̀gá Fóòmù! Ẹ̀wù rẹ dà?"

"Àbúrò mi ló bọ́ ọ lára mi."

"Màá rọra fún ẹ o."

"Rọra fún ìyàwó ẹ. Jẹ́ ká ṣeré."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ń borí. Ó gbé káfíńtà lulẹ̀, ó fi àyà tẹ̀ ẹ́. À ń pariwo. Káfíńtà wá yọ́ sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹja, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́. Nínú ti aláìlẹ́wù, tí wọ́n bá ti mú ọ báyẹn, o ò ní dúró dìgbà tó bá dùn ọ́. Orúnkún kì í ké kó tó já. Kíá ni wàá fọwọ́ lu ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Òun ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ló ti fi ń jà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́dọ̀ mú un báyẹn, mímọ̀ rẹ̀ ò sì tíì dé ọwọ́ rẹ̀.

Káfíńtà dúró. Mo rí i pé ó dúró. Ó ní, "Gbà, Ọ̀gá Fóòmù. Gbà, jọ̀ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ara rẹ̀ láti bọ́. Apá òsì ló yí sí. Apá ọ̀tún ló yẹ kó yí sí.

Ó dún bí ìgbà tí a bá fa aṣọ àtijọ́ ya kúrò lára igi àga.

Káfíńtà ti tú u sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó fọwọ́ lu ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Mi ò tètè gbà ni. Dákẹ́, àgbàlagbà ni ọ́."

Ọsibítù fi pí-ó-pí, ìdì funfun tó ń le bí òkúta, di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọjọ́ méjìlá ló lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún ó bi mí bóyá mo ti sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù fún ìyá wa. Mo ní rárá. Ó ní, "Fi sílẹ̀ ná. Tí mo bá délé, èmi ni màá sọ fún un. Á bú wa méjèèjì pọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá ó fi igi ìtilẹ̀ rìn dé ojú fèrèsé. Mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní àyà òun ń fún. Mo rò pé ó ń ṣeré, nítorí ó ti ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà látàárọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ti wà nílẹ̀.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, òun ló pa á. Ìyá wa dé nígbà tí dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Èyí tó ṣèṣe, mà."

Ìyá wa yíjú sí mi. Gbogbo ohun tó gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé ó ṣèṣe níbi ìdíje. "Ta ló ṣe é léṣe?"

"Káfíńtà ló lọ́ ọ, ìyá."

Òótọ́ ni mo sọ. Mo gé e bí a ṣe ń gé aṣọ, mo fún un ní ibi tó kúrú.

A sin ín. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá wa wẹ̀, ó wé gèlè dúdú, ó lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Kò bú u. Kò pariwo. Ó dúró síbi tí àwọn oníbàárà ń gbà wọlé, ó ní, "Káfíńtà, ẹ káàárọ̀. Ọmọ mi ńkọ́?" Káfíńtà dọ̀bálẹ̀. Ìyá wa ò ní kó dìde. Ó dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi mú, ó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ta ló máa gbé iṣẹ́ fún káfíńtà tí ìyá olóògbé dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni káfíńtà wá bẹ̀ wá nílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá wa ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi ni ìyá wa ní kí n lọ tì í. Mo lọ. Ojú mi àti ojú káfíńtà pàdé. Ó ní, "Àbúrò, ẹ kú ara fẹ́ra kù." Mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Èrò tó wà lọ́kàn mi ni pé ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí. Ó ti pàdánù ọ̀kan. Tí mo bá sọ ọ́, kí ló máa kù fún un? Bẹ́ẹ̀ ni mo ń tan ara mi jẹ. Ẹ̀rù ń bà mí ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lọ́jọ́ Fúráídè, aránṣọ wọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Káfíńtà ń kó lọ lọ́la."

"Sí ibo?"

"Sí ibi tí wọn ò ti ní máa kí i pé ọmọ mi ńkọ́." Ó wò mí. "Mo wà nídìí tábìlì yẹn lọ́jọ́ náà. O mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

Mo ní mo mọ̀.

"Mi ò ní sọ ọ́. Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti jáde. Ṣùgbọ́n tí ọkùnrin yẹn bá gbé ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀ kúrò ládùúgbò yìí, má kí mi mọ́. Tó o bá rí mi lọ́nà, gba ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ó jáde. Mo wo àga tó wà níwájú mi. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì, ní bíi aago mẹ́jọ àárọ̀, mo dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti fẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Pákó ti wà nínú rẹ̀, àti àwọn ayùn rẹ̀ tó fi àpò wé. Ìyá wa náà ti dé. Ó dúró síbi tó máa ń dúró sí. Káfíńtà gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ dání pẹ̀lú awakọ̀ náà, wọn ò lè kọjá nítorí ìyá wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ni káfíńtà wí. "Ẹ jẹ́ n lọ. Ẹ ò ní rí mi mọ́."

"Káfíńtà, ọmọ mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo kọ orúkọ bọ̀ọ̀dá síbẹ̀."

Ìyá wa ò wo ẹ̀yìn. "Síbo?"

"Sí ìjà yẹn. Ó ní oríṣi méjì. Èyí tí bọ̀ọ̀dá ń ṣe, wọn ò gbọ́dọ̀ lọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́wù la ń pè é. Èkejì, wọ́n lè lọ́ ọ. Eléwu la ń pè é, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní kí n kọ àwọn sí ẹlẹ́wù. Mo kọ wọ́n sí eléwu. Wọ́n rí i lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ò jà mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n jà. Káfíńtà ò mọ nǹkan kan. Ó dúró, ìyá. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà."

Káfíńtà gbé apá tábìlì tiẹ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ náà gbé tiẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá wa yíjú. Kò mọ̀wé, kò mọ à-bí-dì. Ó pè é lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ẹlẹ́wù. Eléwu." Ó tún pè é. "Ta ni wọ́n bí ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì?"

"Orí fóònù ni, ìyá. Bákan náà ni wọ́n rí lórí fóònù."

"Fóònù yẹn kì í pe èèyàn ni? O ò lè pè é kí o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Ìṣó wà lẹ́nu mi."

"Kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

"Ìṣó, ìyá. Mo ń kan àga."

Ó wo ẹnu mi. Ó wò ó pẹ́ títí, bí ẹni pé ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí káfíńtà, ó kúnlẹ̀. Ìyá wa, arúgbó, lórí èérún pákó. Káfíńtà sáré dì í mú, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá, ẹ má fi kún un fún mi." Òun náà kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún, awakọ̀ sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ìyá wa dìde. Ó ní, "Káfíńtà, má kó lọ. Mi ò ní wá mọ́." Ó gba ọ̀nà ilé lọ. Kò wò mí.

Mo gbé pákó kan nínú ọkọ̀ kí n lè bá a dá a padà. Káfíńtà gbà á lọ́wọ́ mi.

"Fi sílẹ̀."

"Ẹ má bínú."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló wí. "Mo wá sílé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn." Ohùn rẹ̀ ò le. "Mo ti ń rò ó pé bóyá mo fà á jù. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti fa ayùn, mo máa ń rò ó. Ìyàwó mi ní mò ń pariwo 'gbà, gbà' lójú oorun. Ìwọ mọ̀."

Ó gbé pákó náà wọlé fúnra rẹ̀. Ó tún jáde wá gbé òmíràn. Mo dúró títí ó fi kó gbogbo rẹ̀ tán, nítorí mo rò pé ó kéré tán ó yẹ kí n dúró. Nígbà tó tán, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyẹn di ọjọ́ mẹ́jọ. Yàrá òkè ni mò ń sùn, lórí fóòmù. Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́, mò ń gbọ́ òòlù rẹ̀ láti ibí. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ń béèrè bóyá a máa tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.

Ní òwúrọ̀ yìí aránṣọ yọjú. Ó ní ìyá wa ní kí n wá sílé. Mo bi í bóyá inú ìyá wa ti rọ̀. Ó ní òun ò mọ̀, pé ohun tí ìyá wa ní kí òun sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ìyá wa fẹ́ bá mi sọ kò tíì tán, kò sì lè máa sọ ọ́ fún ògiri.

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Mò ń lọ.